Áàpù Tó Ń Wá ní Ègé-Ègé, àti Ìbéèrè Tí Mo Gbàgbé

Ràfíátù ló ní kí n kọ ọ́. Òun ló ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ó ní àwọn ọmọ tó ń parí girama máa ń wá bi òun bóyá iṣẹ́ fóònù ṣeé gbójú lé, pé wọn kì í gba ẹnu òun gbọ́ nítorí òun ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti ṣe é tán. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo lè kọ̀wé, ìyẹn náà sì ní ìtàn tirẹ̀.

Ẹdẹ ni wọ́n bí mi sí. Oko bàbá mi wà lọ́nà Ara, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe ìdánwò àṣejáde, ebè ni mò ń kọ. Mo ti gbéyàwó kí n tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé àwọn àgbà, èyí tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Ìyá Múbárákà, ìyàwó mi, ti mọ̀wé ṣáájú mi. Òun ló ń yẹ iṣẹ́ tí tíṣà bá ní kí n ṣe nílé wò. Á fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ti ṣì í, á yí ìwé náà padà sí mi, kò ní wo ojú mi. Bí mo ṣe mọ̀wé nìyẹn.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Lámídì. Aago ni wọ́n ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá títì tó lọ sí Òwòdẹ. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago lójú fóònù, Ọ̀gá kó àwọn irinṣẹ́ wẹ́wẹ́ wọn, wọ́n yà sí fóònù. Àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ kéré sí mi púpọ̀. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá Ọmọṣẹ́. Bí Ọ̀gá bá rán wa níṣẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ọmọṣẹ́ sinmi o, eegun wọn ti gbó." Èmi á dìde lọ jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá ní aṣọ funfun kan tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí tábìlì. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù ya ojúlé kéékèèké sára rẹ̀, bí ilé tí ọmọdé ń yà sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí o bá tú ní igun òkè lápá ọ̀tún fóònù, ojúlé òkè lápá ọ̀tún ni wàá gbé e sí. O kò gbọdọ̀ gbé méjì sí ojúlé kan. Odidi oṣù mẹ́fà, n kò tú fóònù kankan. Ẹlòmíràn ló ń tú, èmi ni mò ń to nọ́ọ̀tì.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀tì kan sọnù. Kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Gbogbo wa wà lórí eékún, a ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbálẹ̀. A wá a láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Nígbà tí Ọ̀gá bọ́ fìlà láti lọ ṣe àlùwàlá, nọ́ọ̀tì náà já bọ́ láti inú fìlà, ó dún sórí tábìlì. Ọ̀gá mú un, wọ́n gbé e sí ojúlé rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti wá mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí nǹkan bá sọnù?" ni wọ́n wí. Wọ́n dé fìlà wọn padà, wọ́n lọ kírun.

Òfin wọn kejì ni ìbéèrè. Kò sí fóònù tí wọn yóò fọwọ́ kàn láì kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ pàdánù?" Wọ́n á kọ ìdáhùn náà sínú ìwé kan tó ti gbó. Bí ẹni náà bá ní kò sí nǹkan kan, wọ́n á tún un bi. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà bínú sí wọn lójú mi.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣájà ni kò wọlé mọ́. Ẹ bá mi ṣe ojú ibẹ̀ kí n máa lọ. Àbí ẹ fẹ́ fẹ́ mi ni, tí ẹ fi ń wádìí mi báyìí?"

"Ìyàwó méjì wà nílé, Ìyá Ẹlẹ́pà, wọ́n sì ti tó mi. Ẹ dáhùn."

"Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀!"

"Nọ́ńbà ta ni ẹ kò mọ̀ lórí?"

Ìyá náà wo fóònù náà. Ó wá ní ọmọ òun tó wà ní òkè òkun, inú fóònù yẹn nìkan ni nọ́ńbà rẹ̀ wà. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rọra kọ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, torí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan á ní kí n kọ nǹkan tó ṣe pàtàkì.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Mo gba òmìnira, mo rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ohun tó ń wọlé sì ń tó wa jẹ. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ nípa owó.

Irinṣẹ́ ni kì í dúró lójú kan. Mo fi irin ìjórin kékeré bẹ̀rẹ̀, èyí tí èéfín rẹ̀ máa ń wọ ojú. Lẹ́yìn náà, láàpútọ́ọ̀pù dé. Àwọn èèyàn á mú káàdì fóònù wọn wá pẹ̀lú bébà tí wọ́n kọ orúkọ orin sí, àwọn àgbà á ní wàásù ni àwọn fẹ́, èmi á sì kó o sínú rẹ̀ fún wọn. Ìyẹn náà dín kù. Fóònù ńlá olójú gbọrọgbọrọ gbòde, áàpù wá di ohun tí gbogbo ayé ń wá.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí èèyàn fi ń gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù nítorí áàpù, nígbà tí ìsọ̀ áàpù wà nínú fóònù náà. Ẹ̀yin tí fóònù yín ṣì tuntun lè má mọ̀. Fóònù mìíràn ti gbó, ìsọ̀ náà á ní òun kò lè fún un. Òmíràn dé láti òkè òkun láìní ìsọ̀ náà rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ará abúlé bíi Alájùẹ́ tàbí Ara lè wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá bí àlejò. Àwọn wọ̀nyí ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Mo máa ń lọ mú fáìlì áàpù náà níbi tí ẹni tó ṣe é bá gbé e sí, n ó tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀m̀pútà, n ó sì fi wáyà gbé e sínú fóònù wọn. Nígbà yẹn, áàpù kan, fáìlì kan ni. Mo lè fi sí ogún fóònù kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìgbà tó yá, nǹkan dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan wá fi áàpù ìdánwò sínú fóònù. Mo mú un láti inú fóònù tèmi, mo gbé e sí tirẹ̀. Ó wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, ó pa dé.

"Bọ̀ọ́dà, ó ń ṣẹ́jú," ni ọmọ náà wí.

Òótọ́ ni, bí ẹni ń ṣẹ́jú ló rí. Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí, ẹ̀ẹ̀méje. Ẹ̀ẹ̀méje ló ṣẹ́jú sí wa. Fóònù tí wọ́n mú wá lẹ́yìn rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí i pé áàpù kì í wá ní odindi mọ́. Ègé-ègé ló ń wá, tí mo bá sì mú un láti inú fóònù mi, ègé kan péré ni mò ń mú.

Ràfíátù ti wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Abiyamọ ni, iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀yìn tó máa dùn ún, ó sì ní òun fẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Mo ń gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tí mo kà fún un, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ mi lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ dúró ná," ló wí. "Ṣebí bí aṣọ tí wọ́n ti gé tí wọn ò tíì rán ni?"

"Báwo?"

"Ẹ wò ó. Ara bùbá wà lọ́tọ̀, apá wà lọ́tọ̀, ọrùn wà lọ́tọ̀. Ara bùbá, gbogbo èèyàn ló bá mu. Ṣùgbọ́n apá tí wọ́n gé fún yín kò lè wọ èmi. Ẹ wá mú ara bùbá nìkan fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ní kó wọ̀ ọ́ jáde. Kí ló fẹ́ ṣe bí kò ṣe kó sá padà sílé?"

N kò rí àlàyé tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọjọ́ yẹn. Ègé kan ni ara áàpù náà. Ègé kan wà fún irú ọpọlọ tí fóònù ní, òmíràn wà fún bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, òmíràn fún èdè. Ìsọ̀ inú fóònù mọ ìwọ̀n fóònù kọ̀ọ̀kan, ó ń kó èyí tó bá a mu fún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sí láti ìta gbọ́dọ̀ di télọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní láti mọ ìwọ̀n fóònù náà, kó gbogbo ègé rẹ̀ jọ pé pérépéré láti orísun kan náà, kó sì fi áàpù kan tó ń kó wọn pọ̀ gbé gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o bá gbé wọn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fóònù á kọ̀.

Nǹkan kan tún wà. Gbogbo áàpù ló ní òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é lára. Bí ti àtijọ́ bá wà nínú fóònù, tí o sì fẹ́ gbé tuntun lé e, fóònù á wo òǹtẹ̀ méjèèjì. Bí wọn kò bá jọra, ó di pé kò gbà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé bí a ṣe ń mọ ti olè nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó máa ń yá láti kọjá níbẹ̀ ni kí o yọ ti àtijọ́ kúrò, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ni mo fẹ́ wí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ṣọ́ọ̀bù kún. Àsìkò ìdánwò ni, gbogbo ọmọ ilé ìwé ló ń wá gba áàpù ìdánwò. Ṣàngódélé gun ọ̀kadà dé láti Alájùẹ́. Àgbẹ̀ ni, ó tó ọmọ ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ọ̀gá Ràṣídì, ẹ gbà mí o. Áàpù mi ní òun ti darúgbó, òun ò ṣí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní kí n lọ mú tuntun wá, mo lọ sí ìsọ̀, ìsọ̀ ní fóònù mi náà ti darúgbó. Àfi kí n tètè kúrò nílé kí ogbó tó kàn mí náà!"

Ràfíátù rẹ́rìn-ín, ó fún un ní bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin náà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ iṣu. Mo wo áàpù náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ya ipa ẹsẹ̀ èèyàn sórí àwòrán ilẹ̀ ni, bí o bá ti ń rìn ló ń fa ìlà. Ṣàngódélé ní àna òun ní ìlú Awo ló fi í sínú fóònù òun. Mo mú tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Mo wo ìwọ̀n fóònù náà, mo kó ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, mo gbé e wọlé. Fóònù kọ̀. Òǹtẹ̀ kò jọra. Mo mọ ìdí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: èyí tí àna rẹ̀ fún un, ẹlòmíràn ló ti tú u, tó sì fi òǹtẹ̀ ara rẹ̀ lù ú.

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà fi kọ̀m̀pútà kó ohun tó wà nínú ti àtijọ́ jáde ná. Ó lè gba ìdajì ọjọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé dúró dé ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "yọ kúrò" sí. Kò pẹ́ tó mímí kan. Mo gbé ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, áàpù náà ṣí, kò ṣẹ́jú. Mo tilẹ̀ yangàn díẹ̀ nínú mi. Mo na fóònù náà sí i.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó fà á sókè, ó fà á sísàlẹ̀.

"Ọ̀gá, Bàbá dà?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá mi. Inú ibí ni wọ́n wà."

Ìgbà yẹn ló sọ ohun tí n kò bi í. Ilẹ̀ wọn ní Alájùẹ́, igun mẹ́fà ló ní, pèrègún ni bàbá àgbà wọn gbìn sí igun kọ̀ọ̀kan láti fi pààlà. Àwọn ìbátan wọn tí wọ́n jọ pààlà ti ń fa pèrègún náà tu, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì ń gbé e, àwọn méjèèjì rìn yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú áàpù yìí. Ní igun kọ̀ọ̀kan, bàbá náà dúró, ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù: ẹni tó gbin èyí, ọdún tó gbìn ín, ẹni tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, àìsàn ti mú bàbá ní ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ìpàdé ẹbí di ọjọ́ Àìkú. Ohùn bàbá yẹn ni òun fẹ́ gbé síwájú àwọn àgbà, torí àwọn ìbátan náà ti ń sọ pé ọpọlọ arúgbó ò pé mọ́, pé ohunkóhun tó bá sọ báyìí kò níye.

Ojú Ràfíátù kò kúrò lára mi.

Mo ní, "Fóònù ló pa á rẹ́."

Mo wí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń kọ ọ́ bọ̀, mo rò pé n ó fo ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní wúlò bí mo bá fò ó. Mo gba fóònù náà padà, mo ní kó fi sílẹ̀, mo wá ohun tó sọnù náà pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ tí mo ní títí di ìrọ̀lẹ́. N kò rí nǹkan kan.

Ìyá Múbárákà gbé oúnjẹ síwájú mi. N kò jẹ ẹ́. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ẹ ti sọ fún un?" ló bi mí.

"Mo ti sọ fún un pé kò sí mọ́."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Ó kó abọ́ náà kúrò níwájú mi. Kò bínú. Bí ìgbà tó ń fi bírò pupa falà ló ṣe é, kò wo ojú mi.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo gbọ̀nà Alájùẹ́. Bàbá Ṣàngódélé jókòó lábẹ́ igi iwájú ilé wọn, ó ń fi ọ̀bẹ ha igi ọkọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ríran. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ràṣídì ni, bàbá. Èmi ni mo tún fóònù ṣe."

"Háà. Ìwọ lo lé mi jáde nínú fóònù?"

"Èmi ni, bàbá. Mo sọ fún Ṣàngódélé pé fóònù ló ṣe é. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo yọ ọ́, n kò sì béèrè ohun tó wà níbẹ̀."

Ṣàngódélé bú jáde. "Ẹ̀yin! Àgbàlagbà bíi yín! Mo sì jókòó níbẹ̀ tí mò ń ṣàdúrà fún yín!"

Bàbá ṣì ń ha igi ọkọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Délé, fi ariwo rẹ mọ níbẹ̀. Ṣé mo ti kú ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ẹ gbé mi nígbà náà. Kí ẹni tó lé mi jáde wá gbé mi wọlé padà."

Báyìí la ṣe gbé e. Ṣàngódélé ló ń wa ọ̀kadà, a fi bàbá sáàárín, èmi wà lẹ́yìn, mo di í mú. Mo gbé fóònù sọ́wọ́, áàpù tuntun náà ń fa ìlà, ó sì ń gba ohùn bàbá sílẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan. Igun mẹ́rin àkọ́kọ́ kò le. Pèrègún ṣì wà ní méjì níbẹ̀. Méjì yòókù, wọ́n ti tu ti ibẹ̀, bàbá sì ní kí a gbẹ́ ilẹ̀. Ṣàngódélé fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ. Níwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan nísàlẹ̀, a rí èédú àti àpáàdì tí wọ́n tò jọ, àmì ààlà tí àwọn àgbà rì mọ́ ìdí pèrègún.

Ẹnu ya Ṣàngódélé. "Bàbá, ẹ ò sọ eléyìí fún mi níjọ́sí!"

"Pèrègún ṣì wà nílẹ̀ níjọ́sí. Kí ni mo fẹ́ fi èédú ṣe?"

Igun karùn-ún wà ní ìkọjá àbàtà, ọ̀kadà kò lè débẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Ṣàngódélé gbé bàbá lé mi lẹ́yìn, mo pọ̀n ọ́n. Kò wúwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ mu mí dé orúnkún. A dé ibi àpáta pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti máa ń pọ́n àdá láyé àtijọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ ra á.

"Ibí ni. Kọjú sí ibi tí omi ti ń dún. Ka ogójì ẹsẹ̀."

Mo kà á. Ṣàngódélé gbẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan kan.

"Ẹsẹ̀ ta lo fi kà?" ni bàbá bi mí létí.

"Tèmi ni, bàbá."

"Ẹsẹ̀ rẹ kúrú. Ẹsẹ̀ mi ni mo wí. Délé ga bíi tèmi. Gbé mi fún un."

A padà sí ìdí àpáta. Ṣàngódélé pọn bàbá rẹ̀, ó ka ogójì ẹsẹ̀, ó kọjá ibi tí mo dúró sí dáadáa. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀. Èédú jáde.

Ní igun kẹfà, Ṣàngódélé ní, "Bàbá, ẹ sọ ti Ìyá Àgbà tí ẹ sọ níbí níjọ́sí. Èyí tó pa yín lẹ́rìn-ín tó sì pa yín lẹ́kún."

Bàbá mi orí. "Mo ti sọ ọ́ rí," ló wí. Kò sọ ọ́ mọ́. Títí ó fi fi ayé sílẹ̀, kò sọ ọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo jókòó láàárín ẹbí náà. Mo sọ ohun tí mo ṣe níwájú gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe àgbélẹ̀rọ ohùn ni. A tan fóònù, ohùn bàbá sọ̀rọ̀, ìró ọkọ́ sì ń dún nínú rẹ̀. Àwọn àgbà lọ wo ihò náà fúnra wọn. Àwọn ìbátan náà ló gbin pèrègún padà. Mo kọ gbogbo ohun tí bàbá wí sórí bébà, lẹ́tà gàdàgbà, mo sì fún wọn ní ẹ̀dà kan fún ojúlé kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé àṣìṣe mi ló jẹ́ kí wọ́n rí èédú. N kì í gbà á. Ká ní bàbá náà kú ní ọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sì lọ pátápátá, èmi ni mo fi ìka kan ṣoṣo pa á.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo kọ ìbéèrè Ọ̀gá Lámídì sórí páálí, mo kàn án mọ́ ògiri lókè tábìlì. Ràfíátù rí ìwé tuntun kan rà fún ìdáhùn. Ó le ju Ọ̀gá Lámídì lọ lórí rẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ìbéèrè tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ju ti àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ìyá Múbárákà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni. Ìwé tó fi bírò pupa falà sí ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ yìí, irinṣẹ́ tí ẹ óò bá níbẹ̀ kọ́ ni ẹ óò fi parí. Áàpù tó ń wá ní ègé-ègé lónìí lè máa wá lọ́nà mìíràn lọ́la, ẹ óò kọ́ ọ, kò le púpọ̀ fún ẹni tó bá lè kàwé. Ẹ má gba fáìlì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Bí òǹtẹ̀ kò bá jọra, ẹ dúró. Ìdúró yẹn gan-an niṣẹ́ náà.

Èmi pàápàá kò dúró tó. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ojú mi ti ń ṣú, mo ń gbé fóònù súnmọ́ imú kí n tó rí lẹ́tà. Ọkùnrin kan wá, áàpù tó ń wá ní ègé-ègé ni. Mo kó ègé rẹ̀ jọ, mo gbé e wọlé, fóònù kọ̀. Òǹtẹ̀ kò jọra. Páálí wà lórí ògiri lókè orí mi. Ìka mi ti ń lọ síbi tí wọ́n kọ "yọ kúrò" sí nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ kan bo ojú fóònù náà.

"Bàbá," ni Ràfíátù wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ ò tíì béèrè."

Mo gbé orí sókè. Mo bi ọkùnrin náà pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ pàdánù?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Nínú kí ni? Géèmù ni o, Bàbá! N kò tíì ju ìpele kejì lọ, wọ́n ń nà mí níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ yọ ọ́ dànù jàre."

Ràfíátù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ràfíátù yọ ti àtijọ́, ó gbé tuntun wọlé, ọkùnrin náà lọ.

Mo nu ọwọ́ mi. Mo tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúrò nínú òrùka rẹ̀. Aṣọ funfun tiwa wà lórí tábìlì, ojúlé tí Ràfíátù fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ rẹ̀ yà wà lára rẹ̀. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà sí ojúlé kan, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tó máa ń jókòó sí.

Ó wò ó, ó wò mí. "Ṣé ẹ fẹ́ lọ kírun ni?"

"Wọn kò tíì pe ìrun."

"Ibo wá lẹ ń lọ?"

Mo ní, "Ilé."